Díkíṣọ́nárì Tòkúnbọ̀ ní Sápọ́n: Ẹ Fi "Quarry" Dán An Wò

Bó bá jẹ́ orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń wá, díkíṣọ́nárì ńlá tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní agbègbè Sápọ́n, l'Abẹ́òkúta, tó owó tí wọ́n ń pè é. Ẹ má wulẹ̀ mú kékeré alápò. Èyí tí wọ́n kọ "learner's" sí lára náà, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ ló wà fún. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí orírun nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó nájà, ẹ ṣí i sí "quarry". Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ni èkínní: inú Látìnì "quadrus", ohun onígun mẹ́rin, ló ti wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta kó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Faransé àtijọ́ pè é ní "quarriere". Èkejì ni ẹran tí ọdẹ ń lé. Inú "cuiree" ti Faransé àtijọ́ lòun ti wá: ìpín àwọn ajá ọdẹ, tí wọ́n máa ń kó lé orí awọ ẹran náà fún wọn. "Cuir" ni Faransé ń pe awọ, Látìnì ń pè é ní "corium". Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ò ní bá wọn jiyàn lórí ìpín ajá. Díkíṣọ́nárì tó bá da méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orírun kan, ẹ dá a padà sórí tábìlì.

Inú àkámọ́ onígun ni orírun sábà máa ń wà: ìparí àlàyé nínú èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀rẹ̀ nínú àwọn kan láti Amẹ́ríkà. Ìkékúrú ló ń da ojú rú. "OF" ni Faransé àtijọ́, "L" ni Látìnì, ṣùgbọ́n "fr" kékeré nínú àwọn kan láti Amẹ́ríkà kì í ṣe Faransé rárá. "Láti inú" ló dúró fún. Ìràwọ̀ (*) níwájú ọ̀rọ̀ ń sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ kankan, àwọn onímọ̀ ló ṣírò rẹ̀.

Ojú ìwé ìṣáájú ni àtẹ ìkékúrú wà, òun ló sì máa ń tètè ya. Ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ìwé wò pẹ̀lú: ìdì olójú ìwé 16 tàbí 32 ni wọ́n sábà fi ń rán ìwé ńlá pọ̀. Bí okùn bá já tàbí tí gọ́ọ̀mù gbẹ, odidi ìdì kan lè bọ́, lẹ́tà Q tí kò pọ̀ sì lè bá a lọ pátápátá.

Bí àtẹ ìkékúrú nìkan ni kò sí, ìwé náà ṣì wúlò. Ẹ sáà ní kí wọ́n yọ nínú owó rẹ̀.