Ajá tàbí ológbò: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ mú ẹran ọ̀sìn wọ ilé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ní ẹran ọ̀sìn nínú ilé ló máa ń fi ojú yàn án: wọ́n rí ọmọ ajá tó ń ju ìrù, tàbí ọmọ ológbò tó ká jọ tó ń sùn, ọkàn wọn sì fà sí i lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn kò burú, nítorí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹran kò lè tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó pinnu èyí tí ẹ ó mú wọlé ni iye wákàtí tí ọwọ́ yín dilẹ̀ lójúmọ́, àti iye ọdún tí ẹ lè fi tọ́jú rẹ̀ láìjáwọ́. Ajá àti ológbò ni mo fi wé ara wọn níhìn-ín, nítorí àárín àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe iyèméjì.

Wákàtí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Ẹran tó ń gbé lágbo ni ajá, ẹ̀yin àti àwọn ará ilé yín ló sì máa kà sí agbo rẹ̀. Ó yẹ kí a mú un jáde rìn, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, òjò ì báà máa rọ̀, ó ì báà rẹ ẹ̀yin fúnra yín, nítorí kì í ṣe ìgbẹ́ àti ìtọ̀ nìkan ló ń bá lọ síta: òórùn tó ń gbọ́ lẹ́bàá ọ̀nà àti àwọn ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bá pàdé wà lára ohun tó ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láìdákẹ́, kó máa jẹ bàtà, kó máa ya àga, àwọn ènìyàn á sì sọ pé ajá burúkú ni, nígbà tó jẹ́ pé ìdánìkanwà ló ń dà á láàmú. Iṣẹ́ ọmọ ajá tún le ju èyí lọ, torí pé èyí tó jẹ́ ọmọ oṣù méjì kò lè pa ìtọ̀ mọ́ra ju wákàtí díẹ̀ lọ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa jí lóru láti gbé e jáde.

Ológbò lè sun oorun wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ sì ni ara rẹ̀ máa ń yá jù lọ, nítorí náà kí ẹni tó bá rà á má ṣe bínú bó bá ń sáré káàkiri ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni mú un jáde lọ yàgbẹ́, bí ẹ bá ti da iyanrìn sínú àpótí tí ẹ sì gbé e síbi tó dákẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ máa kó ìgbẹ́ inú àpótí náà lójoojúmọ́, kí iye àpótí sì fi ẹyọ kan ju iye ológbò tó wà nínú ilé lọ. Bí ológbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ sórí ibùsùn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àpótí rẹ̀ ló dọ̀tí tàbí bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, kí ẹ tó nà án. Nínà kò sì wúlò rárá. Ó tún ń fẹ́ ibi gíga tó lè gùn, ohun tó lè fi èékánná họ, àti ẹni tí yóò bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ẹni tó ń jáde ní kùtùkùtù, tí kì í wọlé títí ilẹ̀ fi máa ṣú, tí kò sì sí ẹlòmíràn nílé rẹ̀, kí ó má ṣe ra ajá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le létí ẹni tó ti fẹ́ ajá láti kékeré, ṣùgbọ́n ajá náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fún ẹni

Ajá ń mú ènìyàn rìn, ó ń ṣọ́ ilé, ó sì ń fi ayọ̀ hàn nígbà tí ẹ bá wọlé. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Japan fi hàn pé bí ajá àti olówó rẹ̀ bá ń wo ojú ara wọn, oxytocin, èròjà tó ń so ìyá àti ọmọ pọ̀, máa ń pọ̀ sí i nínú ara àwọn méjèèjì. Ológbò kì í pariwo, kò nílò àyè púpọ̀, ó ń lé eku, ìfẹ́ tirẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń yàn láti fi hàn: ó lè wá jókòó sórí ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ ń kàwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fipá gbé e, yóò lọ. Fún ilé tí ọmọ kékeré wà tó fẹ́ ẹran tí yóò bá a sáré, ajá ló yẹ, bí àgbàlagbà kan bá ń wà pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìgbà. Fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ológbò ni.

Oúnjẹ

Ajá rọrùn láti bọ́ ju ológbò lọ, nítorí ó lè jẹ ẹran, ọkà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ kí ara rẹ̀ sì dá. Ológbò kò lè ṣe láìsí ẹran tàbí ẹja: ara rẹ̀ kò lè pèsè èròjà taurine tó fúnra rẹ̀, bí kò bá sì rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a máa fi oúnjẹ ajá bọ́ ológbò nítorí àtidín ìnáwó kù.

Májèlé wọn kò rí bákan náà. Ṣokoléètì, àlùbọ́sà, èso àjàrà, àti xylitol tí wọ́n fi ń mú ṣingọ́ọ̀mù dùn lè pa ajá. Òdòdó lílì lè ba kíndìnrín ológbò jẹ́, kódà bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó náà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára nìkan ló lá. Hóró parasitamọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí ènìyàn ń lò fún ẹ̀fọ́rí lè pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eégbọn ajá tí permethrin wà nínú rẹ̀.

Ìlera àti iye ọdún

Ọ̀pọ̀ ajá ń lo ọdún 10 sí 13 láyé. Àwọn kéékèèké lè kọjá 15, nígbà tí àwọn ńláńlá bíi Great Dane sábà máa ń kú láàárín ọdún 7 sí 10. Ológbò tí a ń tọ́jú nínú ilé sábà máa ń lo ọdún 12 sí 18, àwọn mìíràn sì ń dé 20. Àwọn tó ń ra ológbò torí wọ́n rò pé ẹrù tirẹ̀ fúyẹ́ kì í sábà ronú kan èyí: ẹni tó gba ọmọ ológbò nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣì máa bọ́ ọ nígbà tí ọmọ náà bá jáde ní yunifásítì.

Àwọn méjèèjì nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a óò máa tún gbà títí di ọ̀sẹ̀ 16, pẹ̀lú oògùn aràn. Ti dìgbòlugi ló ṣe pàtàkì jù fún ajá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀dọ̀ ajá ni ó tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn náà tó ń mú ènìyàn ti ń wá, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń bọ́ níbẹ̀. Bí ẹran bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ní ti ológbò, aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, nítorí toxoplasma, kòkòrò àrùn tó lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní ìjàǹbá, lè wà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí akọ ológbò tó ń wọ inú àpótí rẹ̀ léraléra, tó lóṣòó, tó ń fipá tì í, tó ń ké, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kán ìtọ̀ díẹ̀ ló ń jáde tàbí kò jáde rárá. Ọ̀pọ̀ ń rò pé kò rí ìgbẹ́ yà ni. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló lè ti dí, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Bí ara ẹnì kan nínú ilé kì í bá gba ẹran, ẹ mọ̀ pé èròjà inú itọ́ àti awọ ara ẹran ló ń fa sísín àti ojú yíyún, kì í ṣe irun gan-an. Kí ẹni náà kọ́kọ́ lọ jókòó ti irú ẹran bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan kí ẹ tó sanwó.

Rírà, tàbí gbígba èyí tí ẹlòmíràn kọ̀ sílẹ̀

Èmi fara mọ́ gbígba ajá tàbí ológbò tó ti dàgbà láti ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran tí kò lólúwa, pàápàá fún ẹni tí kò tíì sin ẹran rí. Ẹ ti mọ bó ṣe tóbi tó àti ìwà rẹ̀, wọ́n sì ti sábà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àti bó ṣe ń ṣe sí ọmọdé àti sí ẹran mìíràn.

Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fún wọn lọ́mú. Ẹni tó bá kọ̀ láti fi ìyá hàn yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ọmọ ológbò sì sàn kí ó dúró di ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ajá ń kọ́ láti má bẹ̀rù ènìyàn àti ariwo, ṣùgbọ́n ti ológbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní ọ̀sẹ̀ 7, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń tà á ni ìwà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹra fún àwọn ìran tí imú wọn tẹ̀ wọlé, bíi Pug, Bulldog àti ológbò Persian, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í lè mí dáadáa.

Ẹ wo ojú, imú àti etí, kí wọ́n mọ́; ẹ wo abẹ́ ìrù, kí ìgbẹ́ gbuuru má lẹ̀ mọ́ ọn; ẹ jẹ́ kó rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí dókítà ẹran fọwọ́ sí, kí ẹ sì mú un lọ fún àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.