Ceftazidime-avibactam: Asà Tó Nípọn, Àmọ́ Tí KPC Ti Rí Ẹ̀yìn Rẹ̀

Oṣù Kejì ọdún 2015 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ceftazidime-avibactam, oògùn alápapọ̀ tí a ń kán sínú iṣan aláìsàn fún wákàtí méjì gbáko, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ceftazidime gíráàmù 2 ló ń pa bakitéríà; iṣẹ́ avibactam, tí kò ju ìdajì gíráàmù lọ, ni láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn ẹ́ńsáímù tí ń gé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kí ó tó débi iṣẹ́. Avibactam yìí ni mo fẹ́ díwọ̀n, nítorí òun ni ohun tuntun tó wà nínú oògùn náà.

Mo gbóríyìn fún un. Clavulanic acid, adáàbòbo àtijọ́ irú rẹ̀, máa ń bàjẹ́ sára ẹ́ńsáímù tó bá dì mú, ṣùgbọ́n avibactam lè di ọ̀kan mú, kí ó jáwọ́ níbẹ̀ láìfarapa, kí ó sì tún dì mọ́ òmíràn. Ó ń de KPC lọ́wọ́, ẹ́ńsáímù bakitéríà tí ń sọ meropenem (oògùn mìíràn tí ń pa bakitéríà) di aláìlágbára, ó sì ń de OXA-48, ẹ́ńsáímù mìíràn, pẹ̀lú. Kí ceftazidime-avibactam tó dé, colistin, oògùn mìíràn tí ń pa bakitéríà, ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sá tọ̀, bẹ́ẹ̀ colistin a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀rọ̀ NDM, ẹ́ńsáímù mìíràn tí ń gé oògùn, kò gùn: síǹkì ni ẹ́ńsáímù yẹn fi ń ṣiṣẹ́, avibactam kò sì rí ibi dì í mú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé oògùn yìí nìkan níbi tí NDM bá wà.

Àléébù tó ká mi lára jù wá láti ọ̀dọ̀ KPC fúnra rẹ̀. Lẹ́bàá ojúhò tí ẹ́ńsáímù yìí fi ń gba oògùn mọ́ra, apá kan wà tí aspartic acid (ọ̀kan lára àwọn ègé kéékèèké tí a fi hun ẹ́ńsáímù) tó wà ní ipò 179 ń mú dúró gírígírí. Bí tyrosine, irú ègé mìíràn, bá rọ́pò rẹ̀, apá náà á dẹ̀, ceftazidime á há sínú ojúhò, avibactam kò sì ní lè dì í mú bó ṣe yẹ. Àyípadà ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn nínú odidi ẹ́ńsáímù! Ní ọdún 2017, àwọn oníṣègùn ní Pittsburgh ròyìn aláìsàn mẹ́ta tí jíìnì KPC (ìlànà tí bakitéríà fi ń ṣe ẹ́ńsáímù náà) inú bakitéríà Klebsiella pneumoniae wọn ti yí padà lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn náà fún ọjọ́ 10 sí 19, ipò 179 sì wà lára ibi tó yí.

Bakitéríà náà kò rí èyí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Agbára tó fi ń gé meropenem a máa dín kù gan-an, débi pé meropenem tún lè pa á nínú àyẹ̀wò. Kò yẹ kí èyí tan dókítà jẹ, torí pé bí a bá fi meropenem nìkan lé e, irú bakitéríà tó borí meropenem lè tún yọjú. Ohun tó tún burú ni pé àwọn àyẹ̀wò kan tí ń wá ẹ́ńsáímù náà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè sọ pé kò sí KPC, nígbà tí àyẹ̀wò tí ń wá jíìnì rẹ̀ ṣì ń rí i.

Fún KPC tí a ti fi àyẹ̀wò mọ̀, n óò yan oògùn yìí ṣáájú colistin, lórí àdéhùn pé bí ibà bá padà dé lẹ́nu ìtọ́jú, kí a gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ tuntun lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a má kàn fi ọjọ́ kún ọjọ́. Meropenem-vaborbactam, oògùn alápapọ̀ mìíràn tí FDA fọwọ́ sí ní ọdún 2017, sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún KPC tí ipò 179 rẹ̀ ti yí.