Ẹṣin Tó Sanra Jù: Èwo Ni Ká Rà Nínú Oúnjẹ Tó Wà Lọ́jà?

Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó wà lọ́wọ́ wa ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, kì í ṣe ẹṣin iṣẹ́. Ẹṣin ààfin ni, tàbí ẹṣin ìnáwó tí wọ́n ń dì ní gàárì lọ́jọ́ ìwúyè àti lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọjọ́ ìnáwó kì í sì í pọ̀ lọ́dún. Ní ọjọ́ yòókù, orí ìso ló wà, wọ́n á máa bu dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ara rẹ̀ lè máa dán. Bó bá yá, ọrùn rẹ̀ á ki, ìdí rẹ̀ á là sí méjì, àwọn èèyàn á sì máa yìn ín. Èmi ò lè yìn ín. Ọ̀rá yẹn wà lára ohun tó ń fa àrùn pátákò: ẹran tó di egungun mú nínú pátákò á wú, pátákò á gbóná, ẹṣin á máa fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gbé ara, á sì máa sá fún ilẹ̀ líle. Èyí tó bá burú nínú wọn kì í dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn oúnjẹ tó wà lọ́jà wa síra wọn, kí ẹni tó fẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ jò lè mọ èyí tó yẹ kó náwó lé.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ẹṣin náà dáadáa. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ìhà rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fà á lọ sẹ́yìn. Lára ẹṣin tó dáa, ọwọ́ á máa ka egungun ìhà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ojú ò tiẹ̀ rí i. Bó bá jẹ́ àfi kẹ́ ẹ ki ìka wọlé kẹ́ ẹ tó kan egungun, tí òkè ọrùn rẹ̀ sì ń mì bó ṣe ń rìn, ó ti sanra jù. Láti 1983 ni àwọn onímọ̀ ẹṣin ní Amẹ́ríkà ti ń fi òǹkà 1 dé 9 díwọ̀n ara ẹṣin. 5 ló dáa jù, 7 ti sanra, 8 àti 9 léwu.

Téèpù télọ̀ tó láti fi mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ fi yí àyà po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kẹ́ ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 165, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 150, á wọn bíi kílò 344. Kó tó lè jò, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, láìka omi inú rẹ̀, ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 1.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ìyẹn bíi kílò 5.2. Torí pé omi díẹ̀ ṣì máa ń wà nínú koríko gbígbẹ, ó máa jẹ́ bíi kílò 6 lórí ìwọ̀n. Kílò 6 yìí ni kẹ́ ẹ gbé sọ́kàn lọ sọ́jà. Kí lẹ lè rà tí yóò pé kílò 6 lójúmọ́, tí ẹṣin á pẹ́ lórí rẹ̀, tí kò sì ní di ọ̀rá sí i lára?

Èrúwà gbígbẹ àti pòròpóró ọkà bàbà

Àárín àwọn méjì yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Èrúwà tí mo ń wí ni èyí tó ga ju èèyàn lọ, tí àwọn Hausa ń pè ní gámbà. Èyí tí wọ́n gé nígbà tó ṣì tutù nínú òjò ń mú ẹran sanra. Èyí tí wọ́n gé lẹ́yìn tó ti so èso, bí oṣù kọkànlá, ti le, fọ́nrán ara rẹ̀ pọ̀, agbára inú rẹ̀ sì kéré. Ohun tí ẹlòmíì fi ń kọ̀ ọ́ lọ́jà ló mú kó dáa fún ẹṣin tó sanra.

Pòròpóró ọkà bàbà rọ̀ jù ú lọ lówó. Lẹ́yìn ìkórè ní Yàgbà, àgbẹ̀ míì á tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró wo ẹṣin nídìí rẹ̀: ewé ló ń já jẹ, ó ń fi igi ọkà sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ra kílò 6, ohun tó wọ inú rẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fi àdá gé e wẹ́wẹ́. Bí eyín ẹṣin ò bá sì dáa mọ́, pòròpóró lè dì í nínú, inú á máa rún un. Ewé ọkà bàbà tútù, pàápàá èyí tó tún hù lẹ́yìn gígé, ẹ má fún un rárá. Májèlé sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba àpò ìtọ̀ ẹṣin jẹ́.

Bó bá jẹ́ owó mi ni mo fẹ́ ná, èrúwà ni mo máa rà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí n fi pòròpóró tí mo gé dí èyí tó kù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà tú ìdì kan. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bó bá móoru, wọ́n dì í ní tútù, yóò bu. Ẹ gbọ̀n ọ́n nínú oòrùn. Bí eruku funfun bá ń fò jáde tó sì ń ta yín nímú, ẹ fi í sílẹ̀, ó máa bá ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin jà. Koríko tó dáa á ha, á máa ta sánsán, àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́.

Koríko ìrẹsì tí wọ́n ń kó wá láti bèbè odò Ọya, ẹ tẹ́ ẹ sí ilé ẹṣin. Ó le jù, oúnjẹ inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Itàkùn ẹ̀pà àti itàkùn ẹ̀wà

Ẹṣin tó ń jẹ koríko líle nìkan lè máa jò lára ẹran dípò ọ̀rá. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kẹ́ ẹ fi ààbọ̀ kílò itàkùn ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà sínú kílò 6 náà. Ẹ má fi lé e lórí. Àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, èyí tí ewé rẹ̀ ṣì wà lórí tó sì ṣì ní àwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ kàn yọ èso ẹ̀pà tó bá ṣẹ́ kù sórí itàkùn. Òróró inú rẹ̀ ń sanra, èyí tó bá sì ti bu ní májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀.

Dúsà, èèrí àlìkámà àti àgbàdo

Àwọn wọ̀nyí ló sọ ẹṣin náà di báyìí. Ọlọ́jà á sọ pé èèrí fúyẹ́, pé kì í sanra. Ẹ má gbà. Fọ́sífọ́ọ̀sì inú èèrí pọ̀ ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹṣin tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ dé ọjọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù láti inú egungun ara rẹ̀, egungun ojú rẹ̀ á sì wú. Ẹ̀kúnwọ́ kan láti fi po oògùn kò burú. Àgbàdo tó bá ti bu lè pa ẹṣin láti inú ọpọlọ. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lójijì o, ẹ fi ọjọ́ 10 sí 14 dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra oúnjẹ adìẹ tàbí ti màlúù fún ẹṣin torí pé owó rẹ̀ rọ̀. Oògùn monensin tí wọ́n ń fi sínú òmíràn kì í ṣe adìẹ ní nǹkan, ẹṣin ló ń pa, díẹ̀ ló sì ń gbà.

Owó ọjà àti bíbọ́ rẹ̀

Ìdì kì í dọ́gba, torí náà ẹ gbé ìwọ̀n lọ. Ẹ fi iye kílò pín owó, kẹ́ ẹ sì yọ ohun tí ẹṣin máa ṣẹ́ kù kúrò. Oúnjẹ oṣù kan jẹ́ bíi kílò 180. Ẹ rà á ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, kí iná ìgbẹ́ tó jó gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tò ó sórí igi kó má kan ilẹ̀.

Pín kílò 6 sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọ̀n ẹja tí ojú rẹ̀ kéré, tẹ́ ẹ sọ di ìlọ́po méjì, á mú kó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí koríko bá ṣì tutù díẹ̀ nígbà tí wọ́n gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ṣúgà rẹ̀ dín kù, kẹ́ ẹ da omi náà nù. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru wa yìí, á kan. Iyọ̀ bíi gíráàmù 30 lójúmọ́, omi tí kì í gbẹ. Ẹ má fi ebi pa á: bí oúnjẹ bá wọ́n ẹṣin tó sanra lójijì, ọ̀rá á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ máa fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Kílò 2 sí 3 lọ́sẹ̀ ló dáa fún ẹṣin kílò 344. Bó bá ń jò jù bẹ́ẹ̀ lọ tó sì ń jẹun, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ koríko. Eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn tó ń mú ẹran jò sínú ẹ̀jẹ̀, wà nínú igbó wa, ẹ pe dókítà ẹranko kó wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.