Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra VFD tókùnbọ̀ fún búlọ́wà bọ́nà ní Ìlọrin

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ní ilé búrẹ́dì tàbí ilé iṣẹ́ tí ń lo bọ́nà ńlá (ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì tàbí epo dá iná sínú ààrò) ní Ìlọrin, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò kan wà ní Ìlọrin tí ń ta VFD tókùnbọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń dín eré mọ́tọ̀ búlọ́wà (fáànù tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́nà) kù tàbí tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ náà ni yóò sì wá so ó mọ́ bọ́nà fún yín. Ohun tí ó ṣe ní ilé búrẹ́dì wa kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ó kan ẹ̀mí.

Mọ́tọ̀ búlọ́wà wa jẹ́ 5.5 kW (kW ni òṣùwọ̀n agbára). VFD tí ó gbé wá ní bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ 7.5 kW sí, àfi ìgbà tí oníná wa fi èékánná ká etí bébà náà sókè, tí a rí i pé 4 kW ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ sábẹ́ rẹ̀. Abájọ tí ẹ̀rọ náà fi ń dá dúró ní gbogbo ìgbà tí búlọ́wà bá fẹ́ sáré dé òpin.

Kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, oníṣòwò náà ti wá ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ó dín òpin eré kù láti 50 Hz sí 35 Hz (Hz ni òṣùwọ̀n tí VFD fi ń ṣètò eré mọ́tọ̀), ó ní yóò bá wa dín owó iná kù. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà kò dúró mọ́, nítorí pé bí eré búlọ́wà bá lọ sílẹ̀ sí ìdá 70 nínú 100, agbára tí ó ń gbà á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 34. Ṣùgbọ́n ipá afẹ́fẹ́ náà á já sí nǹkan bí ìdajì, súwíìṣì tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ kò sì gbà kí bọ́nà tan. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó ṣí ìdérí súwíìṣì náà, ó fi wáyà pupa kékeré kan so ojú méjèèjì pọ̀, ó pa á dé, ó sì gba owó rẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín láéláé. Súwíìṣì yẹn ni ó ń sọ fún bọ́nà pé afẹ́fẹ́ wà kí gáàsì tó ṣí. Bí wọ́n bá ti fi wáyà gé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, búlọ́wà lè kú kí gáàsì ṣì máa tú jáde, kí ó kóra jọ sínú ààrò, kí ó sì bú gbàmù. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì tó, gáàsì olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, lè pa àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná pupa tí ń rú èéfín ni ó kọ́kọ́ fu wá lára.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ó fi búlọ́wà sáré ní 50 Hz, kí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí pátápátá, kí oníná tiyín, kì í ṣe tirẹ̀, fi mítà wọn ámípíà (iye iná tí mọ́tọ̀ ń fà), kí ó sì fi wé èyí tí ó wà lára mọ́tọ̀. Ẹ wo ibi tí búlọ́wà ń yí sí pẹ̀lú, nítorí pé èyí tí ń yí sódì ṣì máa ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Ní ti bọ́nà dísù tí pọ́ǹpù epo rẹ̀ wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú búlọ́wà, ẹ kò gbọdọ̀ gbà kí ó so VFD mọ́ ọn rárá, nítorí pé bí ẹ bá ti dín eré búlọ́wà kù, ti pọ́ǹpù náà á dín kù.

Nígbà tí a pè é padà, ó ní iná ìjọba ni ó ba ẹ̀rọ náà jẹ́, kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Bí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ ti gáàsì pa lónìí, kí ẹ sì pe oníná tí ó mọ bọ́nà dáadáa kí ó ṣí ìdérí súwíìṣì afẹ́fẹ́ wò kí ẹ tó tún tan án.