Ọjà Àtakúnmọ̀sà, Iléṣà: ẹ mú káàṣì dání

Ìyá oníṣu kan ò jẹ́ kí n gbẹ́sẹ̀ kúrò nídìí iṣu rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ mo ti sanwó. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mò ń lọ sí Ìbàdàn. Ta ni yóò gba ìlú Ìjẹ̀ṣà kọjá tí kò ní ra iṣu? Ọjà náà ò ṣòroó rí, ó wà nítòsí ààfin Ọwá. Sátidé ni, èrò pọ̀, kò síbi tí mọ́tò yóò dúró sí. Ọmọkùnrin kan ní òun á bá mi ṣọ́ ọkọ̀, ó gbowó, mi ò rí i mọ́.

Mo ná iṣu mẹ́rin. "Kò gbà." Mo yíjú, màmá pè mí padà: "Bùrọ̀dá, ẹ fowó lé e." Ó gbà, mo fi fóònù sanwó. Owó kúrò lọ́dọ̀ tèmi, àlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ò dún. Mo fi hàn án.

"Èyí tó wà lójú fóònù yín, ṣé òun ni màá fi ra ẹ̀fọ́?"

Mo ní kí n fi nọ́ńbà mi sílẹ̀, ó kọ̀. Ló bá lóṣòó síwájú iṣu náà, ni àwọn oníṣu yòókù bá bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ òṣómàáló!" Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Inú bí mi débi pé ohùn mi ń gbọ̀n.

Nígbà tí oòrùn mú, màmá yìí kan náà ló ní kí n bọ́ sábẹ́ agboòrùn òun. Ó ra omi tútù fún mi, kò gbowó rẹ̀. Ó ní kí n máa tẹ orí iṣu wò kó má rọ̀, àti pé iṣu tuntun lómi nínú, kì í gún bí èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló fa ọ̀kan yọ nínú èyí tí mo ti rà: "Èyí ò ní gún dáadáa, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ ẹ̀." Ta ní ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Ìgbà tí àlẹ́ẹ̀tì dún, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ènì fún mi.

Iyán náà ò ní kókó kankan.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Màmá ti gba nọ́ńbà mi báyìí, ó ní tí iṣu gidi bá tún dé, òun á pè mí, kí n mú káàṣì wá.