Àpótí Irin Ìfipamọ́ Ìbọn: Ohun Tí Oṣù 14 Fi Hàn Mí Nínú Ilé Tó Ní Ọmọdé

Kí n tó di òbí ni mo ti ní ìbọn ìléwọ́ kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo sì máa ń gbé e sí nígbà náà, torí pé èmi àti ìyàwó mi nìkan là ń gbé inú ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga gun tábìlì, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, mo sì ra àpótí irin kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ìfipamọ́ ìbọn. Oṣù 14 ni mo ti ń lò ó. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé àwọn àléébù tí mo fẹ́ sọ wà lára ọ̀pọ̀ àpótí tó jẹ́ irú rẹ̀. Nígbà tí mo rà á, mo gbà pé mo ti dáhùn ìbéèrè bóyá ó yẹ kí òbí tọ́jú ìbọn sínú ilé tí ọmọdé wà. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ló tún gbé ìbéèrè yẹn padà wá bá mi.

Kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò tóbi ju ìwé atúmọ̀ èdè ńlá méjì tí a tò léra lọ, irin rẹ̀ nípọn níwọ̀nba, fóòmù tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ohun tó wà níbẹ̀ máa yí kiri. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣí i: nọ́ńbà àṣírí tí a ń tẹ̀ níwájú, ìka tí a ń gbé lé ojú dígí kékeré kan, àti kọ́kọ́rọ́ fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Bátìrì mẹ́rin tí mo fi sí i lo nǹkan bí ọdún kan, iná pupa sì ti ń ṣẹ́jú sí mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tán. Mo lè ṣí i nínú òkùnkùn láìfi iná wá a. Ní ti kí nǹkan má ṣòro fún ẹni tó ni ín, àwọn tó ṣe é gbìyànjú gan-an.

Ọjọ́ tí mo yọ ọ́ nínú páálí ni mo rí àléébù àkọ́kọ́. Mo ti tì í, mo ń gbé e lọ sí yàrá, ni etí rẹ̀ kan bá yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀, ó sì já lulẹ̀ láti ibi tí kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mo rò pé n kò tì í dáadáa ni. Mo tún tì í, mo fà á wò, ó le gírígírí. Mo gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, mo jẹ́ kó já, mo sì ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn náà bó ṣe ń balẹ̀. Ó tún ṣí. Irin kékeré kan tí sípíríǹgì gbé dúró ló ń dá ilẹ̀kùn irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Agbára bátìrì ló yẹ kó fa irin náà sẹ́yìn nígbà tí a bá tẹ nọ́ńbà tó tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí àpótí bá gbọ̀n lójijì, irin náà lè fò kúrò ní àyè rẹ̀ fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó fún ọwọ́ tó bá ń yí i. Lẹ́yìn tí mo fi bóòtì mẹ́rin dè é mọ́ ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, kò ṣeé gbọ̀n mọ́, kò sì ṣí bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ìwé ìlànà tó bá a wá kọ ọ̀rọ̀ dídè é mọ́lẹ̀ bí ohun tí ẹni tó bá wù lè ṣe, nígbà tó jẹ́ pé láìsí i, àpótí tí ọmọdé lè jù sílẹ̀ kó sì ṣí ni òbí rà.

Ti ìka ni mo yára pa tì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà kéde pé kí àwọn tó ra irú àpótí ìbọn kan tó ń lo ìka, tí iye rẹ̀ tó 61,000, dáwọ́ fífi ìka ṣí i dúró. Ẹni tó ni àpótí náà lè gbà pé òun ti fi ìka òun pa mọ́ sínú rẹ̀, kí ó má sì mọ̀ pé ìka ẹnikẹ́ni ṣì lè ṣí i. Ikú ọmọ ọdún 12 kan ti di ẹjọ́ kí ìkéde náà tó jáde. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá gbé ìka lé tiwa. Kò ṣí fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo pa apá yẹn kú pátápátá, ó sì di pé nọ́ńbà nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Nọ́ńbà yìí gan-an ló sì já mi kulẹ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lára àpótí náà ní ohùn tirẹ̀, bóyá kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè mọ̀ pé òun kò ṣì í tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń kun àwòrán, ó sì ń fi imú kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀, ohùn mẹ́fà péré, tó máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé orin wo nìyẹn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Orin àpótí yín ni, Bàbá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ohun tó máa ń kọ nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré, kí ni ohùn mẹ́fà máa ṣe é? Mo wọ yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú àpótí náà, mo sì rí i pé bọ́tìnnì tí mo máa ń tẹ̀ ń dán nítorí òróró ìka mi, nígbà tí eruku fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà lórí àwọn yòókù. Mi ò bá ọmọ náà wí, torí pé kò ṣe ohun tó burú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ ohun tí mo rò pé èmi nìkan mọ̀. Mo yí nọ́ńbà padà ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí yóò tún fi mọ orin tuntun.

Àwọn kan yóò sọ pé kí n kọ́ ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti kọ́ ọ, mo sì ṣì ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ẹ̀kọ́ nìkan lọ́wọ́. Ní ọdún 2001, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n kó ọmọkùnrin 64, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 8 sí 12, sínú yàrá kan ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tí ìbọn gidi tí kò ní ọta sì wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀. Ìsọ̀rí 29 ni wọ́n pín wọn sí. Ìsọ̀rí 21 rí ìbọn náà, ìsọ̀rí 16 gbé e, nínú ìsọ̀rí 10 sì ni a ti rí ọmọ tó fà á bí ẹni fẹ́ yìn ín. Ó lé ní 90 nínú 100 lára àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ gbígbé ìbọn náà kàn tó sọ pé wọ́n ti kọ́ àwọn nípa ewu ìbọn rí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ti ń bàlágà tilẹ̀ tún ká mi lára ju ti ọmọ kékeré lọ. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣèèṣì rí ìbọn. Ó mọ ibi tó wà, ó sì lè mọ nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìbànújẹ́ bá dé bá a ní òru ọjọ́ kan, àkókò ló nílò kí ìbànújẹ́ náà tó rọlẹ̀, kí ó sì lè sọ fún ẹnì kan, ìbọn kì í sì í fúnni ní àkókò. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn tí wọ́n sì yè é ni kì í padà kú irú ikú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó lo ìbọn, ó lé ní 8 nínú 10 tí kì í yè é. Àpótí tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣí kò lè dá irú òru bẹ́ẹ̀ dúró.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀rù olè yóò sọ pé ó yẹ kí ìbọn wà nítòsí òun, torí pé èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbà pé ilé tí kò ní ìbọn ni ààbò rẹ̀ dájú jù fún ọmọ. Bí ìbọn yóò bá sì wà, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí a tì í pa, kí a sì ti ọta pa sí ibòmíràn. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìlànà wọ̀nyí ló ń dín jàǹbá kù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí mo bá tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, ìbọn tí mo ní kò lè tètè tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní òru tí olè bá dé; bí mo bá sì jẹ́ kí ó tètè máa tẹ̀ mí lọ́wọ́, yóò tètè máa tẹ ọmọ mi náà lọ́wọ́. Ìlérí méjèèjì ni wọ́n kọ sí ara páálí àpótí yìí, mi ò sì rí bí àpótí kan ṣe lè mú méjèèjì ṣẹ. Ní tèmi, bí ọmọdé bá wà nínú ilé, kí ìbọn má sí níbẹ̀. Ìbọn tiwa ti wà ní ibi ìpamọ́ ẹgbẹ́ tí mo ti máa ń lọ yin ìbọn láti oṣù méjì sẹ́yìn, ìyàwó mi sì sọ fún mi pé òun ti fẹ́ bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti lóyún àkọ́bí.

Ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí wa ló wà nínú àpótí náà báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa. Fún irú iṣẹ́ yẹn, mo fún àpótí yìí ní 4 nínú 5. Gẹ́gẹ́ bí ohun tó dúró láàárín ìbọn àti ọmọdé, mo fún un ní 2. Ẹni tí iṣẹ́ tàbí òfin bá mú kí ìbọn wà nílé rẹ̀ dandan, kó wá èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kì í dún, kó fi bóòtì dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri, kó má sì fi ọta sínú rẹ̀. Kó tó dè é mọ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ tì í nígbà tó ṣì ṣófo, kó gbé etí rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kó jẹ́ kó já, kó sì máa yí ọwọ́ ilẹ̀kùn bó ṣe ń balẹ̀. Bó bá ṣí, kó dá a padà sí ibi tó ti rà á lọ́jọ́ náà.