Lincoln Continental 1961 sí 1969: Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Rà, àti Ibi Tí Owó Ń Gbà Jò

Nínú àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá tí Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, kò sí èyí tí ìrísí rẹ̀ ṣì tutù lójú tó Lincoln Continental tó jáde ní 1961. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé ìyẹ́ gàgàrà sẹ́yìn, tí irin dídán bò wọ́n káàkiri, èyí wá pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì sáré lórí ẹ̀gbẹ́ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Elwood Engel ló darí iṣẹ́ àwòrán rẹ̀. Thunderbird ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe. Ìgbà tí Robert McNamara, tó jẹ́ ọ̀gá ní Ford, rí àwòṣe rẹ̀ ló ní kí wọ́n fà á gùn, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn mẹ́rin sí i, kó di Lincoln.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀yìn ni hínjìsì rẹ̀ wà, nítorí náà ti iwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń ṣí kọjú síra bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Àgbàlagbà lè wọlé, kó jókòó, kó sì jáde láìtẹ̀ ba. Ẹwà lásán kọ́ nìyẹn, ó wúlò.

Bí ó ti wù kó rí, kì í ṣe ẹwà ni yóò máa gbowó lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán. Irin abẹ́ ọkọ̀ ni, àti páìpù, àti wáyà, àti àwọn mọ́tọ̀ kéékèèké tó fara pamọ́ sínú ilẹ̀kùn àti búùtù. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá ṣùgbọ́n tí ohun gbogbo inú rẹ̀ pé tó sì ń ṣiṣẹ́ sàn ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí gíláàsì méjì kò lọ sókè mọ́, tí irin etí rẹ̀ kan sì ti sọnù. Ọ̀dà kò ṣòro láti rà. Irin dídán tó jẹ́ ti ọdún yẹn gan-an, tí kò tẹ̀, tí kò ní ihò, òun ló ń dáni lóró. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ ka gbogbo irin dídán ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé ti ọdún kan yóò wọ òmíràn, nítorí wọ́n ń pààrọ̀ ojú iwájú rẹ̀ léraléra.

Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ yìí kò ní ṣáásì lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Bí irin ìsàlẹ̀ bá ti dípáàrà, kì í ṣe ojú ló bàjẹ́, ìdúró rẹ̀ ló ti yẹ̀. Ẹ gbé e sókè lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ wo irin tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti òpin dé òpin, ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń sinmi, ìsàlẹ̀ búùtù, àti ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀. Omi òjò tó ń jò wọlé lábẹ́ gíláàsì iwájú máa ń dúró sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń jẹrà láti inú wá. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Bí olùtajà kò bá gbà kí ẹ ká a, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ mú òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé dání, kí ẹ máa gbé e kiri ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, bọdifílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀) ló wà lábẹ́ ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn. Ẹ tì í mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó yẹ kó ṣe déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá dí lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, àárín ọkọ̀ ti ń wọ̀. Ẹ fi jáàkì gbé e sókè ní ibi tí ìwé rẹ̀ ní kí á gbé e sí, kí ẹ tún ṣí i, kí ẹ tún tì í. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì jù lọ fún olórùlé kíká, nítorí kò ní irin òkè tí yóò bá ìsàlẹ̀ gbé ẹrù. Nínú àwọn olórùlé kíká àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi irin wúwo sí àwọn igun ọkọ̀ kó má baà máa gbọ̀n. Bí ẹnì kan bá ti yọ ọ́ kúrò, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà tí kò tẹ́jú.

Òrùlé kíká

Ní 1961, onírùlé irin jẹ́ $6,067, olórùlé kíká sì jẹ́ $6,713. Ìyàtọ̀ owó náà kò pọ̀ nígbà yẹn. Lónìí olórùlé kíká wọ́n jìnnà sí ìkejì rẹ̀, torí pé ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe: 2,857 péré ní 1961, àti 2,276 ní 1967 tó jẹ́ ọdún tó ṣe kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ tó ń ká a jẹ́ àgbàyanu. Inú Ford Skyliner ti 1957 sí 1959, tí òrùlé onírin rẹ̀ ń wọ búùtù, ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Ìdérí búùtù tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé iwájú sókè torí ẹ̀yìn ni hínjìsì rẹ̀ wà. Òrùlé já kúrò lórí gíláàsì iwájú, ó ká, ó wọnú búùtù, ìdérí sì padà bò ó. Kò sí aṣọ kankan tí ẹ ó máa dè lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ti wọlé báyìí, ẹ má retí àyè fún àpótí ìrìn-àjò.

Mọ́tọ̀, páǹpù haidrọ́líìkì, rìléè (súwíìsì tí iná fúnra rẹ̀ ń tì) àti súwíìsì kéékèèké ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Súwíìsì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó kàn mọ̀ pé èyí tó ṣáájú ti parí. Bí ọ̀kan bá dọ̀tí, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Bí òrùlé bá dúró lágbedeméjì, ẹ má ṣe sáré pààrọ̀ rìléè. Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì: 12.6 fóltì ló yẹ kó wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Ẹ nu ibi tí wáyà ilẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ wo òdiwọ̀n omi nínú páǹpù, kí ẹ sì fi irú èyí tí ìwé ilé iṣẹ́ dárúkọ kún un, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí kí ẹ wá bi ara yín pé kí ló rìn kẹ́yìn. Súwíìsì tó yẹ kó jíṣẹ́ pé nǹkan yẹn ti parí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi iná ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àwòrán wáyà ọdún yẹn lọ́wọ́. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi wáyà gba ẹ̀gbẹ́ súwíìsì kọjá kí mọ́tọ̀ lè yí: ìdérí búùtù lè pa lé egungun òrùlé, yóò sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ ní kí olùtajà ká a, kó tún nà án, lẹ́ẹ̀mejì láìdúró, láìfi ọwọ́ ràn án lọ́wọ́, kí búùtù ṣófo, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́. Bí ó bá sọ pé fíúsì lásán ló jó, ẹ díyelé e bí ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà: gíláàsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ha ti iwájú.

Ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, àti ohun tó ń jò

Ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ti ínǹṣì kúbíìkì 430 ló wà nínú rẹ̀ títí dé 1965: agbára ẹṣin 300 ní 1961 àti 1962, 320 láti 1963 nígbà tí wọ́n fi kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin sí i. Ó lágbára, ó sì máa ń pẹ́. Wixom ní Michigan ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ náà. Wọ́n á fi wákàtí mẹ́ta dán ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan wò kó tó wọnú ọkọ̀, wọ́n á sì wa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máìlì 12 kó tó jáde. Abájọ tí wọ́n fi láyà láti fún un ní ìdánilójú oṣù 24 tàbí máìlì 24,000. Ìdílé ẹ́ńjìnnì yìí yàtọ̀ sí V8 kékeré Ford, pẹrẹsẹ ni abẹ́ orí rẹ̀, inú bílọ́ọ̀kù ni epo ti ń jó. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọ́ìlì tó ní zinc dáadáa ni kí ẹ máa rọ sí i nítorí kámúṣáàfù rẹ̀ (irin tó ń ṣí fáàfù). Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa wo òdiwọ̀n ooru: ráídétọ̀ tó ti dí kò ní lè fi ara pamọ́ títí dìgbà náà.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lẹ́nu ni wápà rẹ̀ (ohun tó ń nu gíláàsì iwájú). Kì í ṣe iná ló ń yí i, omi páǹpù sítíárì ni. Nítorí náà, bí wápà bá ń fà, ẹ wo páǹpù sítíárì kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ẹ fọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ọ́ìlì bá bá ọwọ́ yín jáde, mọ́tọ̀ wápà ti ń jò. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló sì ń ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ṣíì nínú ilẹ̀kùn, rọ́bà tó ti ya ni.

Títí dé 1964, dírọ́ọ̀mù ni bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún ọkọ̀ tó wúwo tó pọ́ùn 5,000, ó máa ń rẹ̀ wọ́n bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn. Ní 1965 ni dísìkì dé iwájú, pẹ̀lú písítìnì mẹ́rin ní kálípà kọ̀ọ̀kan. Ó dára gan-an, àfi pé ihò písítìnì máa ń dípáàrà bí ọkọ̀ bá jókòó pẹ́. Ẹ wá àwọn tó ń fi irin tí kì í dípáàrà wọ inú ihò náà ní àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Ọdún wo ni kí ẹ rà?

Ti 1961 sí 1963 ló kúrú jù, ínǹṣì 212 sí 213 ní gígùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Òun ló rẹwà jù. Ní 1964 wọ́n fi ínǹṣì mẹ́ta kún àárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn, láti 123 sí 126, orúnkún ẹni tó jókòó sẹ́yìn sì rí àyè. Mo yan onírùlé irin ti 1965 fún ẹni tó fẹ́ máa wà á: ó ní àyè yẹn, ó ní dísìkì, kò sì ní wàhálà òrùlé. Ẹ kàn wọn gáràjì yín kọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ọkọ̀ yẹn gùn. Máìlì 10 sí 12 ni ẹ ó rí lórí gálọ́ọ̀nù epo kan.

Àwọn ti 1966 sí 1969 tóbi sí i. Ẹ́ńjìnnì 462 ló bẹ̀rẹ̀ wọn, 460 sì gba ipò rẹ̀ nínú ọdún 1968. Onílẹ̀kùn méjì náà dé ní 1966. Wọ́n rọrùn láti wà, owó wọn kò sì ga tó ti àwọn tó ṣáájú.

Ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà fúnra yín. 5Y86N túmọ̀ sí pé ọdún 1965 ni, Y ni Wixom, 86 ni olórùlé kíká, onírùlé irin sì ni 82. N ni ẹ́ńjìnnì 430 ti 1963 sí 1965, H ni ti 1961 àti 1962, G ni 462. Bí ẹ bá rí 82 lára ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ká, ẹ béèrè ẹni tó gé e.

Bí ọkọ̀ bá ti jókòó fún ọdún púpọ̀, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni kó gbà délé. Títí dé 1965, másítà sílíńdà (páǹpù tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ fún bíréèkì) kan ṣoṣo ló ń gbé bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí họ́ọ̀sì kan bá bẹ́, kò sí ìkejì. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì bíréèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, másítà sílíńdà, àti gbogbo rọ́bà epo láti táǹkì dé kábúrétọ̀, torí pé epo òde òní tó ní ethanol máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.